Mo Fi Fáìlì Ha Nọ́ńbà Ẹ́ńjìnnì Bàbá Wa Dànù

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé mi ò sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ló sunkún. Ọ̀gá tó fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ, díẹ̀ ló kù kó sunkún. Èmi ò sun ún rárá, ohun tó sì ń bí àwọn ẹbí nínú sí mi títí dòní nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, pé ó máa kọ́ ẹlòmíì lọ́gbọ́n. Mi ò tíì mọ ọgbọ́n wo ni. Ẹ bá mi wá a bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ọkọ̀ ni mò ń fà jẹun. Tí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, tó bá já sí kòtò, tó bá kú sójú títì, èmi ni wọ́n máa ń pè. Jíìpù bàbá mi ni mo fi ń ṣe é. Tí ẹ bá ti gíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá síwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa fà, ó sì ní ẹ̀rọ kan nímú tó ń ká okùn irin bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ń ká òwú. Bàbá mi ti ń fi í fa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí wọ́n kú, mo bọ́ sórí àga wọn, iṣẹ́ ń lọ.

Màámi ò fẹ́ràn jíìpù náà rí. "Orogún mi" ni wọ́n ń pè é. "Bàbá yín á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀," wọ́n á ní. "Èmi tí mo bímọ fún wọn, ó dìgbà tí mo bá ń ṣàìsàn."

Ẹ má sì rò pé ó rẹwà o. Àwọ̀ ewé ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọ̀ ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán ló ní. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ wọnú níbi tí màlúù ti fi ìwo gún un. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Á wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú bóyá kí òun wá síbi iṣẹ́ lónìí. Ìgbà yẹn ló tó máa sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ ilé wa tí ò mọ ikọ́ yẹn. Òun ló ń jí wa lọ sílé ìwé.

Bàbá mi ò sì pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ahun ni wọ́n, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Tí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú ńlá, ló mú Ọ̀gá wá sílé wa. Ọ̀gá yìí máa ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Ó kọ́ gbọ̀ngàn kan, ó tò wọ́n síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wá wò wọ́n. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú jíìpù. Kò kí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ní.

"Ọkọ̀ mi ni, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ má nù ún mọ́."

Látìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ, Má-fọwọ́-kàn-án.

Má-fọwọ́-kàn-án rìn yí jíìpù náà po. Ó fi aṣọ funfun báláú dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, epo ti gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní," ó ní. "Irú jíìpù yìí ò pọ̀ láyé mọ́. Èyí tó kù, wọ́n ti tún un kùn, wọ́n ti fi àga tuntun sí i, wọ́n ti fi táyà gàgàrà sí i, ó ti di nǹkan míì. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tún kùn, irọ́ ló ń pa. Èyí ò tíì purọ́ rí." Ó na ìka sí ara ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìka náà kàn án. "Ibi tó tẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Màlúù ni, sà."

"Ẹ má tún un ṣe láéláé."

"Màlúù náà ò kúkú padà wá tọrọ àforíjì."

Ẹ̀gbọ́n mi fojú bá mi wí. Má-fọwọ́-kàn-án ò gbọ́. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nǹkan lára ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà ló ń wá, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára irin nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ó kà á, ó lọ ka èyí tó wà lára ṣáásì, ìyẹn egungun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó padà wá kà á. Ó tún lọ.

"Wọ́n bára mu," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá jáde wá sọ pé tọmọtìyá wà láyọ̀. "Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi bí i ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyí. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì míì ni, ǹ bá má sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò mi. Ẹnì kan ló ni ín látilẹ̀, ẹni náà ò sì pààrọ̀ nǹkan kan. Bàbá yín mọ ìtọ́jú."

Mo wo Màámi. Màámi wo ilẹ̀. Ohun tó pè ní ìtọ́jú yẹn, orúkọ míì là ń pè é nílé wa.

"Tó bá dé gbọ̀ngàn yín, sà," mo bi í, "kí ló máa máa ṣe níbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè iṣẹ́ tí òṣùpá ń ṣe. "Á máa wà níbẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ ilé ìdáná.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Ọ̀gá fẹ́ ṣe fún wa? Orúkọ bàbá wa á wà lára ògiri. Irin dídán ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Fọ́tò wọn á wà lókè rẹ̀."

"Kí lèmi á máa fi fa ọkọ̀?"

"Wọ́n máa fún ẹ ní ọkọ̀ kékeré tuntun. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù."

"Èyí tí ikùn ẹ̀ ń wọ́lẹ̀ yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi, kò lè fa ewúrẹ́."

"Ṣé iṣẹ́ tó yẹ obìnrin náà nìyẹn? Ó tó kó o ṣíwọ́. Ojú ń tì mí tí wọ́n bá bi mí pé kí ni àbúrò mi ń ṣe."

"Ẹ sọ fún wọn pé mò ń wà níbẹ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Ọ̀gá, pé òun ni àkọ́bí, pé orúkọ òun ló wà lára ìwé ọkọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò wá bi mí léèrè rárá. Ó wá sọ fún mi ni.

Kí n sọ òtítọ́, mo gbìyànjú láti gbà. Mo jókòó sínú mọ́tò Má-fọwọ́-kàn-án fúngbà díẹ̀, mo ní kí n mọ bó ṣe ń rí. Àga rẹ̀ rọ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo ní, ìwọ náà lè di ìyáàfin. Ó wù mí títí mo fi wọlé.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí pé ọkọ̀ tó gbé òkú ti rì lójú ọ̀nà itẹ́ òkú. Òjò ti sọ ibẹ̀ di àbàtà. Gbogbo ẹbí wọ dúdú, wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀, àwọn bàtà dídán ti di bàtà alámọ̀. Nínú gbogbo wọn, òkú náà nìkan ni kò kánjú. Mo so okùn irin mọ́ ọn, mo ti gíà kékeré síwájú, jíìpù bàbá mi mí kanlẹ̀, ó sì fà á jáde wẹ́rẹ́. Opó náà wá dì mọ́ ilẹ̀kùn mi, níbi tí màlúù ti gún un gan-an, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ ká dójú ti ọkọ mi."

Níbi tí mo ti ń ká okùn padà ni ọ̀rọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án ti wá sí mi lọ́kàn: Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì míì ni, ǹ bá má sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò mi.

Ẹ ò rí i pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ mi.

Mẹkáníìkì wa, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ohun tó ń ṣe kíákíá, títí kan oúnjẹ. Ẹ́ńjìnnì kan wà lábẹ́ tàpólì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti ọkọ̀ kan tó forí sọ igi. Ara ọkọ̀ náà bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò fara pa.

"Jẹ́jẹ́, ṣé èyí lè wọ inú jíìpù mi?"

Ó ń nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ó lè wọ̀ ọ́, tí mo bá gé ibì kan tí mo tún jó ibì kan. Kí ló ṣe tiyín?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Àǹtí mi, ara yín le, ẹ wá ń wá iṣẹ́ abẹ."

"Ó ti dàgbà ni. Mo fẹ́ kó sinmi."

Ó fi àkísà kọ́ èjìká. "Bùrọ̀dá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ sí i?"

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibí ni ẹ̀bi mi wà. Ẹ̀bi mi ò sí níbòmíì.

"Wọ́n mọ̀," mo ní. "Àwọn gan-an ló ní kí n ṣe é."

Jẹ́jẹ́ ò tíì gbá irọ́ mú lẹ́nu mi rí. Ó mú sípánà.

Nígbà tó parí, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé tó ti ń nawọ́ kí tíṣà tó béèrè. Kò wúkọ́. Jẹ́jẹ́ ń retí kí inú mi dùn. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo wo iwájú fúngbà díẹ̀ kí n tó lè wà á jáde.

Ẹ máa bi mí pé kí ni mo ṣe sí ti àtijọ́. Ẹni tí orí ẹ̀ pé ì bá ti gbé e fún àwọn tó ń yọ́ irin. Èmi ọmọ ahun ni mí. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ nù? Màámi ní oko ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sí i sì ti kú. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ bá mi so ẹ́ńjìnnì bàbá wa mọ́ ọn. Ó so ó. Ó wúkọ́, ó ronú, omi jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í pẹ̀lú fáìlì tí mo fi ń pọ́n àdá. Màámi dojú korobá dé ilẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wò mí.

"Kí lò ń ha níbẹ̀?"

"Nọ́ńbà ni, mà."

"Kí ni nọ́ńbà ṣe fún ẹ?"

"Òun ló fẹ́ gbé jíìpù lọ."

Mo ń ha, irin ń dunni létí. Nígbà tó yá wọ́n nawọ́. "Ti ìparí yẹn ṣì ń hàn. Ha á dáadáa."

Mo ha á dáadáa.

"Orogún mi ló wá ń pọnmi fún mi yìí," Màámi ní, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá omi. "Ì bá dáa kí bàbá yín má tíì kú, kí wọ́n rí i."

Èrò tèmi ò gùn. Má-fọwọ́-kàn-án á dé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á rí i pé nọ́ńbà ti yàtọ̀, á bínú, á lọ. Jíìpù á kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á pariwo, á sì dákẹ́. Ohun tí mi ò rò ni pé tí nǹkan bá sọ nù, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ wá olè ná.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ pé. Má-fọwọ́-kàn-án dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ayafọ́tò kan. Ààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀fọ́ nìkan ló gba ọkọ̀ akẹ́rù náà, ibẹ̀ ni awakọ̀ rẹ̀ gbé e sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́tò bàbá wa mọ́ àyà nínú férémù. Ó ti pe Jẹ́jẹ́ pé kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé jíìpù gorí ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ wọ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wá.

Mo rí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu géètì. Ààyè wà fún mi láti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ṣé dáadáa lo jí?" Ó ní dáadáa ni. Ibẹ̀ la parí ẹ̀ sí.

Má-fọwọ́-kàn-án ní kí ayafọ́tò sún mọ́ ọn, kó ya nọ́ńbà náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún, ó dúró.

"Kí lèyí?"

"Kí ló dé, Ọ̀gá?" ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Èyí kọ́ ni mo rí. Ẹ́ńjìnnì ọmọ àná nìyí. Ta ló gbé ojúlówó lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé férémù náà sórí àga jíìpù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó wá yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lò ń tún un ṣe. Níbo lo tà á sí?"

"Bùrọ̀dá, mi ò tà á. Ẹ̀yin náà lẹ ní..."

Ó wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e lójú mi, díẹ̀díẹ̀, bí gbogbo ohun tí Jẹ́jẹ́ ń ṣe.

"Èmi ní kí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dì í lọ́rùn aṣọ mú. "Èmi ní kí ni, olè?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mo ṣe."

"Ta ni 'wọ́n'?"

Jẹ́jẹ́ ò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbá a létí. Bọ́tìnnì aṣọ tó fọ̀ wá já bọ́ sílẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ayafọ́tò, tí ò mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè é mọ́, ya Jẹ́jẹ́ ní fọ́tò.

Èmi dúró síbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mí. Ẹ má bi mí bóyá ǹ bá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá yá. Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ilé, nǹkan kan wúkọ́.

Ó tún wúkọ́. Ó dákẹ́, bí ẹni tó ń ronú.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dẹ̀ lára aṣọ Jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà, ó dà bí ojú ọmọ tí wọ́n jí kó lọ sílé ìwé. Ẹ́ńjìnnì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Bàbá wa nìyẹn," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Màámi wà láàárín ẹ̀fọ́ wọn, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n di rọ́bà omi mú. Wọ́n wò wá, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ mí lẹ́fọ̀ọ́."

"Èmi ni mo ṣe é," mo ní. Ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Mo purọ́ fún Jẹ́jẹ́ pé ẹ mọ̀ sí i. Kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbọ́ mi. Ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "O fi ẹ́ńjìnnì bàbá wa bomi rin ẹ̀fọ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbọ́ ọ."

Má-fọwọ́-kàn-án ti tẹ̀ ba, ó ń fi ìka wá ibi tí nọ́ńbà wà. Lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Ó kan ibi tó ń dán, tó mọ́ tónítóní.

"A lè gbé e padà sínú rẹ̀," ó kọ́kọ́ ń sọ. Ó tún fi ọwọ́ pa ibẹ̀. "Ta ló ha á?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Kẹ́ ẹ má baà lè gbé e padà."

Ó jókòó sétí poro, nínú omi, pẹ̀lú aṣọ funfun míì. "Ẹ ti pa á, àǹtí. Ṣé ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ tó kù láyé tí wọn ò fọwọ́ kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́?"

"Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, sà. Ẹ lọ kó àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ jọ. Tèmi níṣẹ́."

"Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ò ní rí i."

"Tí ọkọ̀ wọn bá rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n á rí i."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní mo ti dójú ti òun, pé orúkọ bàbá wa ì bá wà lára ògiri títí ayé. Mo ní bàbá wa ò gbé ara ògiri rí. Mo ní kò bi mí, kò bi Màámi, ó kàn gbé irinṣẹ́ mi ṣe ẹ̀bùn fún àlejò. Ó ní èmi náà ò bi òun. Òótọ́ ni. Mo ní, "Ẹ ti mọ bó ṣe ń dunni báyìí." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àbúrò sọ. Mi ò sì tíì kó o padà.

Jẹ́jẹ́ ti bá tirẹ̀ lọ. Ó mú bọ́tìnnì rẹ̀ nílẹ̀, ó gba ojú géètì jáde, kò wẹ̀yìn.

Ó ku kí àwọn àlejò náà máa lọ, àmọ́ wọn ò lè lọ. Màámi ti bomi rin oko wọn láàárọ̀, wọ́n sì tún ń bomi rin ín lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù wà ti mumi yó. Awakọ̀ rẹ̀ tẹná, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ó ń rì, ẹrẹ̀ ń fọ́n sára ayafọ́tò.

Mo gbé férémù bàbá wa sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e fún Màámi, mo yí jíìpù padà, mo sì fa okùn irin jáde. Má-fọwọ́-kàn-án sáré wá, aṣọ rẹ̀ ń jo omi, ó fẹ́ bá mi so ó.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo ti gíà kékeré síwájú. Jíìpù mí kanlẹ̀, ó fà á jáde. Ayafọ́tò nìkan ló pàtẹ́wọ́, ó sì yáa dá ọwọ́ dúró nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ra ọ̀dà pupa, mo kọ orúkọ bàbá wa sára ilẹ̀kùn jíìpù gàdàgbà, lórí ọ̀dà tí Má-fọwọ́-kàn-án ní kẹ́nikẹ́ni má tún kùn. Kò sí ọ̀nà tí mo gbà lágbègbè yìí tí wọn ò ka orúkọ yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí Màámi, ó dúró tì í, ó kà á, ó tún un kà.

"Lẹ́tà ìparí yẹn wọ́," ó ní.

"Ibi tí màlúù gún ni."

Ó ní "hùn-ún," ó wọlé. Nínú ilé wa, ìyẹn ti sún mọ́ ìdáríjì.

Mo bi Màámi pé kí ló dé tí wọ́n fi tan ẹ̀rọ omi lásìkò yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ti mumi láàárọ̀. Fèrèsé wọn kọjú sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbá Jẹ́jẹ́ létí. Wọ́n ní, "Ẹ̀fọ́ ń rọ." Wọn ò gbójú sókè.

Ó wá ku Jẹ́jẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìjà náà ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti gbọ́ pé wọ́n pe Jẹ́jẹ́ lólè. Mi ò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ lójú wọn: irọ́ tí mo pa, bó ṣe bo àṣírí mi, bí mo ṣe dúró tí wọ́n gbá a létí tí mo sì panu mọ́. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, má bínú."

Ó ń nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn," ó ní. Ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe.

Mo dúró. Oòrùn wà lórí mi. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń béèrè pé kí ni obìnrin yìí ń dúró dè. Jẹ́jẹ́ ń dáhùn lábẹ́ ọkọ̀ pé, "Ó ń dúró ni." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òógùn ń ṣàn sí mi lójú. Kò sí ẹni tó gbá mi létí, síbẹ̀ ó dùn mí, ó sì yé mi pé ó yẹ kó dùn mí.

Ó pẹ́ kó tó yọjú. "Àǹtí mi, ṣé ó ti tó?"

"Ìwọ ló mọ̀."

Ó ronú. "Kò tíì tó," ó ní, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Mo dúró títí ó fi tó. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló ṣì ń tún jíìpù ṣe títí di òní, tó bá sì ku díẹ̀ kó parí, ó máa ń bi mí pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún Bùrọ̀dá?" Mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, ti Jẹ́jẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Ìyẹn ni mo dúró sóòrùn fún. Ní ti nọ́ńbà yẹn, tí wọ́n bá tún gbẹ́ ẹ sára irin náà lọ́la, mo ṣì mọ ibi tí mo fi fáìlì sí.